Sátidé ni mo fẹ́ kọ́kọ́ pọn bíà láti orí ọkà fúnra rẹ̀: kí ni kí n ti ṣe sílẹ̀?

Àkọ́pọnBíà

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin àgbà ìdí ìkòkò. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ti fi mọ́ọ̀tì inú agolo (omi ṣúgà tí wọ́n ti rẹ jáde lára ọkà) pọn bíà nílé, kò sì sí ọ̀kan tí mo dà nù nínú wọn. Àmọ́ agolo ti sú mi. Sátidé tó ń bọ̀ yìí, ọkà fúnra rẹ̀ ni mo fẹ́ rẹ.

Ohun tó wà nílẹ̀ nìyí: kílò márùn-ún mọ́ọ̀tì bálì (ọkà bálì tí wọ́n mú hù, tí wọ́n sì mú gbẹ), ẹni tó tà á fún mi ti bá mi fọ́ ọ, ìkòkò kan tó gba lítà 40, kúlà kan tí mo lu ihò sí nísàlẹ̀, tí mo fi táàpù àti asẹ́ onírin sí, páìpù bàbà tí wọ́n ká rogodo, tí màá fi mú kó tutù, tẹmómítà, háídrómítà tó ń wọn bí ṣúgà inú omi ṣe pọ̀ tó, họ́ọ̀pù (òdòdó tó ń mú bíà korò), àti ìwúkàrà gbígbẹ gíráàmù 11. Lítà 20 ni mo fẹ́ rí nírọ̀lẹ́ nínú kẹ́ẹ̀gì tí bíà ti máa ru.

Mo ti kàwé, mo ti wo fídíò títí ojú fi ń ta mí. Ohun tí kò tíì yé mi ni bí ọjọ́ náà fúnra rẹ̀ ṣe máa ń rí. Kí ló yẹ kó ti parí kí ilẹ̀ Sátidé tó mọ́? Kí ló máa ń bá èèyàn lójijì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ fún mi.

OrógùnGígùn

Àbúrò, o káre. Gbogbo ohun tó o kà nínú ìwé, gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ní Ọjọ́bọ̀, fi omi lásán pọntí. Mo mọ̀ pé ó dà bí ọ̀rọ̀ ẹ̀rín, àmọ́ gbogbo òfò tó ṣe mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tèmi, omi lásán ì bá ti fi hàn mí kí n tó fi ọkà ṣòfò.

Báyìí ni wàá ṣe é. Máa da omi sínú ìkòkò ní lítà márùn-ún márùn-ún, máa ki orógùn bọ̀ ọ́ títí á fi kan ìdí, kó o sì fi ọ̀bẹ fa ilà síbi tí omi dé lára rẹ̀. Orógùn tèmi ní ilà mẹ́jọ. Lọ́jọ́ iṣẹ́, mi ò kì í fojú díwọ̀n, orógùn ló ń bá mi kà á. Lẹ́yìn náà, gbé omi kaná títí dé 72 °C, da lítà 15 sínú kúlà, dé e, kó o padà wá yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn wákàtí kan. Bó bá ti fi ju ìwọ̀n méjì lọ sílẹ̀, wá aṣọ ìbora àtijọ́ tí wàá fi wé e. Wo abẹ́ táàpù náà dáadáa. Táàpù tí kò jò nígbà tí omi tútù wà níbẹ̀ lè jò bí omi gbígbóná bá dé, torí rọ́bà inú rẹ̀ máa ń rọ̀. Wá ṣí i, jẹ́ kó ṣàn tán, kó o wọn èyí tó kọ̀ tí kò jáde. Omi yẹn, tìrẹ kọ́, ti kúlà ni. Wàá máa kà á mọ́ ìṣirò rẹ títí ayé.

Èyí tó kẹ́yìn: jẹ́ kí lítà 25 hó fún ààbọ̀ wákàtí láìdé ọmọrí lé e, wo iye tí oru gbé lọ, kó o fi méjì sọ ọ́ di púpọ̀. Mo ti rí ìkòkò tó ń pàdánù lítà mẹ́ta ní wákàtí kan, mo ti rí èyí tó ń pàdánù márùn-ún. Bí ẹnu ìkòkò bá ṣe fẹ̀ tó àti bí iná bá ṣe le tó ló ń fà á, kò sí ìwé tó mọ tìrẹ.

ÌyáÌkòkò

Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣírò omi, torí ibẹ̀ ni mo ti máa ń rí àwọn ẹni tuntun tí wọ́n ń sáré kiri.

Ẹ̀yìn la ó ti kà á wá síwájú. Lítà 20 lẹ fẹ́ nínú kẹ́ẹ̀gì. Gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ máa wà nísàlẹ̀ ìkòkò tí ẹ ò ní dà mọ́ ọn, ẹ ka méjì sí i. Oru á gbé bíi mẹ́rin lọ. Ìyẹn ni pé lítà 26 gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìkòkò kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Ọkà náà á mu tirẹ̀: bíi lítà kan lórí kílò kọ̀ọ̀kan, kò sì ní dá a padà. Márùn-ún nìyẹn. Bí kúlà yín bá mú lítà kan pamọ́ sábẹ́ táàpù, gbogbo omi tí ẹ nílò láàárọ̀ yẹn jẹ́ lítà 32.

Ẹ fi 15 rẹ ọkà, ìyẹn lítà mẹ́ta fún kílò kan. Mẹ́sàn-án péré ló máa jáde níbẹ̀. Ó ku 17 tí ẹ máa fi ṣan ọkà náà, kí ṣúgà tó ṣẹ́ kù sára èérí lè bá a jáde. Mẹ́sàn-án àti 17, ó di 26.

Ibi tí mo ń lọ gan-an rèé: ìkòkò kan ṣoṣo lẹ dárúkọ. Nígbà tí omi lítà 17 yẹn bá wà lórí iná nínú rẹ̀, inú kí ni omi mọ́ọ̀tì àkọ́kọ́ máa jáde sí? Ẹ wá korobá mímọ́ kan tó gba lítà 15, èyí tí ìgbóná ò ní mú rọ̀. Ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ ti máa ń kọ́ àwọn tó ń lo ìkòkò kan.

Àkọ́pọnBíà

Ha! Ọ̀rọ̀ korobá yẹn ò wá sí mi lọ́kàn rárá. Ẹ ṣeun gan-an ni, mà.

Ìbéèrè kan. 66 °C ni mo fẹ́ kí ọkà wà fún wákàtí kan. Kí ló dé tí Ẹ̀gbọ́n Orógùn fi ní kí omi jẹ́ 72?

ÌyáÌkòkò

Torí ọkà tutù, omi ló máa yá a ní ìgbóná. Bí ẹ ṣe máa ṣírò rẹ̀ nìyí: ẹ yọ ìgbóná ọkà kúrò nínú èyí tí ẹ fẹ́, ẹ fi 0.41 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ fi iye lítà omi tó kan kílò kan pín in, kí ẹ wá ro ohun tó bá jáde mọ́ èyí tí ẹ fẹ́. Bí ọkà yín bá wà ní 20 °C: 66 dín 20 jẹ́ 46. Ẹ fi 0.41 sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 18.9. Ẹ pín in sọ́nà mẹ́ta, 6.3. Omi yín gbọ́dọ̀ jẹ́ 72.3. Bí yàrá yín bá móoru tí ọkà fi wà ní 28, ó máa sún mọ́ 71. Nítorí náà, ẹ ki tẹmómítà bọ inú àpò ọkà kí ẹ tó dáná, ẹ má kàn máa méfò.

Ẹ kọ́kọ́ fi omi gbígbóná ṣan inú kúlà, kí ẹ dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí ẹ tó dà á nù. Kúlà tútù náà á bù nínú ìgbóná yín. Kí kẹ́tùlù omi tó ń hó sì wà nítòsí: bí ẹ bá rò ó tán tí ẹ bá 64, bíi lítà kan omi híhó á gbé e padà sí 66. Bó bá gbóná jù ńkọ́? Omi tútù, díẹ̀díẹ̀, kí ẹ máa rò ó.

TẹmómítàPurọ́

Ẹ wo orúkọ tí mo ń jẹ́ níbí. Kì í ṣe àwàdà.

Oṣù mẹ́rin gbáko ni mo fi pọn bíà tó ń dùn jù, tó ń wúwo lẹ́nu bí omi ṣúgà, tí háídrómítà á dúró sí 1.022 nígbà tó yẹ kó ti sọ̀ kalẹ̀ dé nǹkan bí 1.012. Mo pààrọ̀ ìwúkàrà, mo pààrọ̀ omi, mo bá ẹni tó ta ọkà fún mi jà. Àṣé tẹmómítà mi ló ń fi ìwọ̀n mẹ́rin parọ́. Tó bá sọ fún mi pé 67 ni, 71 ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí ìwọ̀n mẹ́rin fi tó bẹ́ẹ̀. Ẹ́ńsáìmù méjì ló ń bá wa gé sítáàṣì inú ọkà sí ṣúgà. Ọ̀kan fẹ́ràn ìgbóná bíi 60 sí 65, ègé tirẹ̀ kéékèèké, ìwúkàrà lè jẹ wọ́n tán, bíà á fúyẹ́. Èkejì ń gbádùn ara rẹ̀ ní 68 sí 72, ègé tirẹ̀ ńlá, ìwúkàrà á fi púpọ̀ nínú wọn sílẹ̀, bíà á kún ẹnu. 66 ni ibi tí àwọn méjèèjì ti lè jọ ṣiṣẹ́ láìbínú síra wọn. Bó bá ti kọjá 75, wọ́n ti ń kú lọ nìyẹn, kò sì sí bí o ṣe lè jí wọn.

Nítorí náà, lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ náà: rọ yìnyín kún ife, da omi tútù lé e, rò ó, dúró díẹ̀. Tẹmómítà gbọ́dọ̀ sọ pé 0. Ki í bọ omi tó ń hó: 100, àmọ́ bí ibi tó ò ń gbé bá ga, á fi bí ìwọ̀n kan dín lórí gbogbo 300 mítà tó fi ga ju òkun lọ. Bó bá yẹ̀, kọ iye tó fi yẹ̀ sára rẹ̀ pẹ̀lú bírò. Háídrómítà náà ńkọ́? Kí ó kà 1.000 nínú omi mímọ́ ní ìgbóná tí wọ́n kọ sí i lára, 20 °C ni fún èyí tó pọ̀ jù.

Bó o bá rẹ ọkà tán, wọ̀n ọ́n níbi mẹ́ta kó o tó gbà á gbọ́. Àárín lè jẹ́ 68 kí ẹ̀gbẹ́ jẹ́ 63.

ÀpòLóSàn

Mò ń ka gbogbo èyí, mo kàn ń mi orí ni. Kúlà, táàpù, korobá, omi oríṣi méjì! Arákùnrin, ìkòkò rẹ gba lítà 40. Ra àpò aláṣọ oníhò wínníwínní, tẹ́ ẹ sínú ìkòkò, da lítà 31 sí i, gbé e dé 69 tàbí díẹ̀ lókè, da ọkà sínú àpò, rò ó, fi aṣọ wé ìkòkò. Lẹ́yìn wákàtí kan, fa àpò sókè, jẹ́ kó ro, dáná. Ó parí. Kò sí ṣíṣàn, kò sí pé omi kọ̀ tí kò jáde.

OrógùnGígùn

Ó kàn wà pé ọkà tó ti mu omi wúwo ju kílò mẹ́wàá lọ nígbà tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde, ó gbóná, ó sì ń ro sí ọ lẹ́sẹ̀. Ta ló fẹ́ dì í mú sókè fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá?

ÀpòLóSàn

Okùn àti ìkọ́, ẹ̀gbọ́n mi. Okùn àti ìkọ́. Tàbí kó o gbé irin asẹ́ lé ẹnu ìkòkò, kó o gbé àpò jókòó sórí rẹ̀.

ÌyáÌkòkò

Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ rọra. Ó ti lu ihò sí kúlà rẹ̀ ná, ẹ jẹ́ kó lò ó. Àmọ́ mo gbà pẹ̀lú Àpò lórí ohun kan: kí àpò aláṣọ náà wà nílé. Ẹ tẹ́ ẹ sínú kúlà lórí asẹ́ yẹn. Bí táàpù bá dí, ẹ gbé àpò sókè díẹ̀, omi á rí ọ̀nà.

MoDàáNù

Mo wá jẹ́rìí. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ mi, mo gbé omi tó gbóná dáadáa, ìṣirò pé, tẹmómítà ò parọ́, mo da omi sínú kúlà, mo yíjú pa dà láti gbé ọkà. Ẹsẹ̀ mi ló kọ́kọ́ mọ̀ pé táàpù wà ní ṣíṣí. Lítà mẹ́ta omi 72 °C nílẹ̀ẹ́lẹ̀, sálúbàtà sì ni mo wọ̀. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀. Ẹ fi bébà lẹ ara táàpù kí ẹ kọ ọ́ sí i: ṢÉ O TI SÉ E?

Ní ti dídí: ó dí mọ́ mi lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Èkíní jẹ́ torí pé mo fúnra mi ló lọ ọkà náà, mo lọ̀ ọ́ kúnná títí ó fi di ìyẹ̀fun. Èèpo ọkà ló ń bá wa ṣe asẹ́, kó fọ́ ni a fẹ́, kì í ṣe kó lọ̀. Bu ọkà rẹ lẹ́kúnwọ́ kan lónìí kó o wò ó: ó yẹ kí inú rẹ̀ ti fọ́ sí bíi mẹ́ta mẹ́rin, kí èèpo sì ṣì dá wà. Bó bá jẹ́ ìyẹ̀fun ló pọ̀ jù, wá èèpo ìrẹsì tó mọ́, lẹ́kúnwọ́ bíi mélòó kan, kó o pò ó mọ́ ọn. Èkejì jẹ́ ìwàǹwára mi, mo ṣí táàpù gbagada lẹ́ẹ̀kan náà, ọkà wó lu asẹ́, ó dì pẹ́kípẹ́kí. Ṣí i díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Lítà méjì mẹ́ta tó kọ́kọ́ jáde máa rú, ìyẹ̀fun á wà nínú rẹ̀. Rọra bù ú padà sórí ọkà títí èyí tó ń jáde á fi mọ́. Nígbà náà ni kó o tó máa gbà á.

Bó bá dí náà, má fi ìbínú mi kúlà. Sé táàpù, da omi gbígbóná díẹ̀ sí i, rò ó láti ìsàlẹ̀, dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Àkọ́pọnBíà

Mo ti bu ọkà wò. Èèpo wà, ìyẹ̀fun ò pọ̀. Àyà mi balẹ̀ díẹ̀. Omi tí màá fi ṣàn án ńkọ́, ṣé kó hó?

OrógùnGígùn

Rárá o. 75 sí 77, má kọjá ibẹ̀. Bó bá gbóná jù, pàápàá bí omi náà bá ti ń yí kúrò ní kíkan díẹ̀, á fa adùn burúkú jáde lára èèpo, èyí tó ń fún èèyàn lẹ́nu bí ewé tíì tí wọ́n gbàgbé sínú omi. Bu ìdajì omi náà sí i, rò ó, dúró díẹ̀, jẹ́ kó ṣàn. Bu ìdajì kejì, ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyẹn rán mi létí. Àwọn kan máa sọ fún ẹ pé kó o wọn pH, ìyẹn bí omi ṣe kan tó. Ó dáa kó wà láàárín 5.2 sí 5.6 nínú ọkà tó ń rẹ, òótọ́ ni. Àmọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ọwọ́ méjì péré lo ní.

TẹmómítàPurọ́

N kò fara mọ́ ọn pátápátá, ẹ̀gbọ́n. Bí omi ẹ bá le, tí ọkà sì funfun bí tirẹ̀, pH á ga. Àmọ́ mo gbà pé kó fi í sílẹ̀ títí di ìgbà kejì. Kúlọ̀rín inú omi ni kó má fi sílẹ̀. Bí omi ẹ bá ń rùn bí omi adágún ìlúwẹ̀ẹ́, bíà náà á ní adùn oògùn, ìyẹn ò sì ṣeé tún ṣe. Hóró Campden kan, ìyẹn oògùn tó ń ká kúlọ̀rín kúrò nínú omi, tó fún bíi lítà 75. Nítorí náà, ìdajì hóró ti tó fún lítà 32 rẹ. Lọ̀ ọ́, da á sínú omi náà, rò ó. Ìṣẹ́jú mélòó kan ti tó.

Ọjọ́GígùnNi

Kò tíì sí ẹni tó mẹ́nu ba aago. Àwọn fídíò yẹn ń tàn yín. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni fídíò, wákàtí mẹ́fà sí mẹ́jọ ni ọjọ́ náà. Bí o bá bẹ̀rẹ̀ lọ́sàn-án, òru ni wàá máa fọ ìkòkò. Gbé omi kaná ní aago méje. Má bá ẹnikẹ́ni ṣe àdéhùn ní ìrọ̀lẹ́. Má sì mu ìgò kankan kí ìwúkàrà tó wọ inú kẹ́ẹ̀gì. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín á bá mi jà lórí èyí, àmọ́ mo ti gbàgbé họ́ọ̀pù nítorí ìgò kejì rí.

Lálẹ́ Ẹtì, wọn ohun gbogbo. Họ́ọ̀pù kọ̀ọ̀kan nínú ife tirẹ̀, ìṣẹ́jú rẹ̀ lára ife. Èyí tó máa hó fún 60 ìṣẹ́jú ló ń mú bíà korò, èyí tó bọ́ síbẹ̀ nígbà tó ku ìṣẹ́jú márùn-ún ló ń fún un lóòórùn. Bí o bá ṣì wọ́n mú, bíà mìíràn lo pọn. Wo bí gáàsì rẹ ṣe kù sí. Kó o sì dá iná yẹn níta tàbí níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ dáadáa. Iná gáàsì ńlá nínú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa ti pa èèyàn, èéfín rẹ̀ tó ń pani ò sì lóòórùn.

Wàyí o, híhó. Bó bá ku díẹ̀ kó hó, ìfófó á gun òkè lójijì, á sì fẹ́ dà nù. Má kúrò nídìí rẹ̀. Mú ìgò tí wọ́n fi ń fín omi dání, fín in lórí, dín iná kù, rò ó. Bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ìyẹn, lẹ́yìn náà á rọlẹ̀. Bí họ́ọ̀pù àkọ́kọ́ bá bọ́ síbẹ̀, á tún gbìyànjú lẹ́ẹ̀kan sí i. Má dé ọmọrí: ohun kan wà nínú mọ́ọ̀tì funfun tó gbọ́dọ̀ bá oru lọ, bí kò bá lọ, bíà á máa rùn bí àgbàdo bíbọ̀. Tó bá ku ìṣẹ́jú 15, gbé páìpù bàbà sínú ìkòkò kí omi híhó náà pa kòkòrò ara rẹ̀.

Látìgbà tó o bá ti paná, gbogbo ohun tó bá kan omi mọ́ọ̀tì yẹn gbọ́dọ̀ ti mọ́, kó sì ti gba oògùn apakòkòrò. Nǹkan méjì ni o. Oògùn ò lè pa ohun tó sá pamọ́ sábẹ́ ìdọ̀tí. Fọ̀ ọ́ ná, kó o tó fi oògùn sí i. Bó bá jẹ́ Star San lo ní, mílílítà 1.5 nínú lítà omi kan, ìṣẹ́jú méjì, má ṣàn án, má bẹ̀rù ìfófó rẹ̀. Kún korobá kan pẹ̀lú rẹ̀, kí gbogbo ohun kékeré, rọ́bà, ìdérí, síṣọ́ọ̀sì tó o máa fi gé páálí ìwúkàrà, máa gbé inú rẹ̀.

Má ṣe gbé ìkòkò gbígbóná. Lítà 22 tó ń hó kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé. Ibi tí wàá ti tu ú ni kó o ti dáná.

MoDàáNù

Síṣọ́ọ̀sì! Ẹ̀yin lẹ ò mọ̀. Eyín ni mo fi ya páálí ìwúkàrà tèmi.

ÌyáÌkòkò

Ọlọ́run ṣàánú wa.

Kí n fi kan kún un kó má bàa bà á lẹ́rù: háídrómítà. Kílò márùn-ún yìí, bí ẹ bá rí ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ṣúgà rẹ̀ gbà, á fún yín ní nǹkan bí 1.052 nínú lítà 20. Bó bá jẹ́ ìdá 60, 1.045. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kì í kọjá 60 sí 65 lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Bíà ni 1.045 náà! Bó bá ká yín lára jù, ìyẹ̀fun mọ́ọ̀tì ààbọ̀ kílò á gbé e sókè ní nǹkan bí 0.009, kí ẹ dà á sí i nígbà tó bá ṣì ń hó. Ẹ má ki háídrómítà bọ nǹkan gbígbóná, á fún yín ní nọ́ńbà tó kéré ju òtítọ́ lọ. Ẹ bu díẹ̀, ẹ jẹ́ kó tutù dé 20.

Àkọ́pọnBíà

(Ọjọ́ Àìkú, aago mẹ́wàá àárọ̀)

Mo ti dé o. Ẹ̀yìn ń dùn mí, àmọ́ inú mi dùn.

Aago méje ni mo bẹ̀rẹ̀, aago mẹ́ta ààbọ̀ ni mo parí. Omi Ọjọ́bọ̀ yẹn gbà mí: táàpù jò, bí Ẹ̀gbọ́n Orógùn ṣe wí gẹ́lẹ́, mo fi rọ́bà tuntun sí i. Mo tẹ́ àpò sínú kúlà. Mo ro ọkà tán, ó wà ní 64, mo da omi kẹ́tùlù sí i, ó di 66. Lẹ́yìn wákàtí kan ó ṣì wà ní 65. Ó ṣàn geerege, kò dí. Korobá náà wúlò gan-an, mà.

Ìfófó ni mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kú sí. Fóònù dún, mo ní kí n kàn wo ẹni tó ń pè, mo gbójú sókè, ó ti dé ẹnu ìkòkò. Díẹ̀ dà sórí iná, gbogbo àyíká ń rùn bí ṣúgà tó jóná. Páìpù bàbà gbà mí ní ìṣẹ́jú 50 kó tó tutù dé 20.

Lítà 18 ààbọ̀ ni mo rí, 1.050. Ìwúkàrà wọlé ní aago mẹ́ta. Ó ti tó wákàtí 19 báyìí, rọ́bà tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde sínú omi ò tíì sọ nǹkan kan. Ṣé mo ti pa ìwúkàrà náà ni?

TẹmómítàPurọ́

Bí mo ṣe ṣírò rẹ̀, ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún ṣúgà rẹ lo rí gbà. O ò ṣe burú rárá. Oru tí ìkòkò rẹ ń gbé lọ ju èyí tó o kà lọ, kọ ọ́ sílẹ̀.

ÌyáÌkòkò

Ẹ fi í sílẹ̀. Ìwúkàrà gbígbẹ lè lo wákàtí 24, nígbà míì 48, kó tó ṣe ohun tí ojú rí. Bí ìdérí kẹ́ẹ̀gì kò bá sé gírígírí, afẹ́fẹ́ á gba ibẹ̀ jáde, rọ́bà ò ní sọ nǹkan kan, bíà á sì máa ru lábẹ́lẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹ̀gbẹ́ kẹ́ẹ̀gì. Ṣé ẹ rí òrùka ìfófó lórí omi?

Àkọ́pọnBíà

Mo rí i! Ìka méjì ló ga. Ìdérí ni kò sé dáadáa.

Ó ku ìbéèrè kan, ẹ má bínú. Kí lẹ máa ń fi èérí ọkà ṣe?

OrógùnGígùn

Ohunkóhun tó bá wù ẹ́, àfi pé kó o kó o jáde lọ́jọ́ náà gan-an. Kò gbọ́dọ̀ sun inú kúlà. Ó gbóná, ó rin, ó dùn: gbogbo kòkòrò ayé ló fẹ́ràn rẹ̀.

Àkọ́pọnBíà

Ó ti sùn níbẹ̀. Mo sì dé e.

MoDàáNù

Gbé kúlà náà síta kó o tó ṣí i, àbúrò mi. Má ṣí i nínú ilé.